Sẹ́ǹtì Márùn-ún Lọ́sẹ̀: Ọgọ́fà Ọdún Atlanta Life

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì Atlanta Life pé ọgọ́fà ọdún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Atlanta ló ń wa ọkọ̀ gba Auburn Avenue kọjá, tí wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn alágbàfọ̀, ọmọ-ọ̀dọ̀ àti lébìrà aláwọ̀ dúdú ń san sẹ́ǹtì márùn-ún lọ́sẹ̀ fún, kí àìsàn má baà bá wọn ní ọwọ́ òfo. Ìjọba kọ́ ló dá a sílẹ̀, kò sì sí òfin tó sọ ọ́ di dandan fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ohun tí ìjọba Nàìjíríà ti ń lé kiri láti ọdún 2005 tí ètò adójútòfò ìlera ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí mẹ̀kúnnù máa dá owó sílẹ̀ fún àìsàn tí kò tíì ṣe é, ni àwọn tí wọ́n bí sóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn ń ṣe ní Georgia, tí ẹnikẹ́ni kò kéde rẹ̀ lórí rédíò.

Bí wọ́n ṣe gbà láti máa san án ló kọ́kọ́ fà mí sínú ìtàn yìí. Ohun tó wá dá mi dúró níbẹ̀ ni ibi tí ilé-iṣẹ́ náà rìn dé. Àìsàn ló bí i, ikú ló sọ ọ́ di olówó, nígbà tó sì dàgbà tán, ó gbé àìsàn sílẹ̀ fún ìjọba.

Kí ọdún 1905 tó dé

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865 tí wọ́n sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀, òmìnira tí wọ́n rí gbà kò bá oúnjẹ wá, kò sì bá oògùn wá. Obìnrin tó ń fọṣọ fún òyìnbó, ọjọ́ tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Bó bá kú, ìnáwó ìsìnkú di ẹrù ará ilé. Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá: wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kálukú ń dá owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ a máa fún un ní ìwọ̀nba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ẹni tó bá kú, ẹgbẹ́ a sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n W. E. B. Du Bois, tó kọ́ni ní yunifásítì Atlanta láti 1897 sí 1910, fi àkókò sílẹ̀ láti wádìí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1898.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ńlá ti òyìnbó ńkọ́? Ní 1881, Prudential kéde pé owó tí aláwọ̀ dúdú ń san kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹbí rẹ̀ yóò gbà bó bá kú yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti aláwọ̀ funfun. Ní 1896, Frederick Hoffman, ọmọ Jámánì tó ń bá Prudential ṣe ìṣirò, kọ ìwé ńlá kan tó fi ń jiyàn pé ìran ló ń pa aláwọ̀ dúdú, pé kì í ṣe ìṣẹ́, àti pé ilé-iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò gbọdọ̀ ṣe ìnṣọ́ránsì fún wọn. Atlanta ni èsì ti dé. Ní 1906, Du Bois àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí ìlera aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fi iye òkú ìlú kan wé ti òmíràn, wọ́n sì fi hàn pé ilé tí kò dára, ìdọ̀tí àti àìrówó ló ń ṣọṣẹ́ náà. Ẹ fi orúkọ Hoffman yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Nínú ìlú Atlanta fúnra rẹ̀, àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tí ẹgbẹ́ dókítà òyìnbó kò gbà mọ́ra ti pàdé ní 1895, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìyẹn National Medical Association. Grady, ilé-ìwòsàn gbogbogbòò ìlú, ti ṣílẹ̀kùn ní 1892, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́ọ̀dù dúdú, ọ̀tọ̀ ni wọ́ọ̀dù funfun.

Ní 1904, Àlùfáà Peter James Bryant ti ìjọ Wheat Street Baptist àti Àlùfáà James Arthur Hopkins dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Atlanta Benevolent and Protective Association. Sẹ́ǹtì márùn-ún sí márùndínlọ́gbọ̀n ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san lọ́sẹ̀. Inú rere pọ̀ níbẹ̀, owó ni kò tó. Ìgboro sì tún kún fún àwọn ẹgbẹ́ ayédèrú tí wọ́n ń gbowó lónìí tí wọ́n ń pòórá lọ́la. Ní 1905, ìjọba Georgia ṣòfin pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi $5,000 dógò lọ́wọ́ ìjọba kó tó lè máa gbowó aráàlú. Òfin tó dára ni lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn tó ń ṣa sẹ́ǹtì márùn-ún jọ ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ló rí i pé òpin ti dé. Ti Bryant àti Hopkins ìbá kú pẹ̀lú, bí kì í bá ṣe pé onígbàjámọ̀ kan wà nílùú tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ Peachtree

Alonzo Franklin Herndon ni orúkọ rẹ̀. Social Circle, ìlú kékeré kan ní Georgia, ni wọ́n bí i sí ní 1858. Ẹrú ni Sophenie, ìyá rẹ̀. Òyìnbó tó ni ìyá náà ni baba rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, ọmọ náà kò tíì ju ọdún méje lọ. Ó ro oko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ó kiri ẹ̀pà, ó kiri oyin ìrèké, ó tún kiri gírísì tí wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Gbogbo ilé-ìwé tó lọ láyé kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Ní 1878 ó kúrò nílé pẹ̀lú dọ́là mọ́kànlá tó tọ́jú pamọ́. Ó kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀, ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní Jonesboro, lẹ́yìn náà ó wọ Atlanta ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Oṣù mẹ́fà péré ló lò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbà á sí kó tó ra ìdajì rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di 1902, ó ti ní ìsọ̀ ńlá kan ní ojúlé 66 Peachtree Street. Fìtílà onídígí tó ń tàn yanran, àga aláwọ, dígí gìrìwò káàkiri ògiri: àwọn adájọ́, lọ́yà àti olóṣèlú ìlú ló ń wá jókòó níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, aláwọ̀ dúdú ló ń mú abẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aláwọ̀ dúdú tó lè wọlé pé kí wọ́n gẹrun fún òun. Òyìnbó nìkan ni oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ bá Herndon wí lórí èyí ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kó kàn rántí pé ní 1905 yìí kan náà, ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́ ti Niagara Movement, níbi tí Du Bois àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dojú ọ̀rọ̀ kọ ìyàsọ́tọ̀ gan-an tó ń mú owó wọlé fún un.

$140 ni Herndon fi ra ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà. Ó fi $5,000 ti ara rẹ̀ dógò lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Atlanta Mutual Insurance Association, ó sì gba ẹgbẹ́ méjì mìíràn tí òfin tuntun náà ti fún lọ́rùn mọ́ ọn. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ilé Rucker ní Auburn Avenue. Àwọn kan ń kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé àánú nìkan ló ṣe é. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ni Herndon láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó rí i pé àwọn tí Prudential kọ̀ pọ̀ ju àwọn tó gbà lọ, àti pé ẹni tó bá lè san ẹ̀tọ́ wọn láìjá wọn kulẹ̀ kò ní wá oníbàárà tì. Àánú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àánú tó mọ ìṣirò ni.

Ọdún kejì ni ìdánwò dé. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án 1906, lẹ́yìn tí àwọn ìwé ìròyìn Atlanta ti ń gbé ìròyìn èké jáde pé àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ń kọlu obìnrin òyìnbó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó tú síta wọ́n ń pa aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá rí. Àwọn tó kú lé ní ogún. Herndon ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú; wọ́n fọ́ gbogbo gíláàsì rẹ̀. Àwọn onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì kò rí ààyè sá, wọ́n sì pa wọ́n. Lẹ́yìn rògbòdìyàn náà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kó kúrò láàárín ìgboro lọ sí Auburn, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn wọn ti pọ̀.

Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, 1905–1927

Ẹni tó bá mọ alájọ Ṣómólú ti mọ agbowó Atlanta Mutual. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kí ìyá, ó ń béèrè ọmọ, ó ń gba sẹ́ǹtì márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ó sì ń sàmì sínú ìwé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé alájọ ń dá owó ẹni padà ní òpin oṣù. Agbowó yìí kì í dá ohunkóhun padà àfi bí ibi bá ṣẹlẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí oúnjẹ alẹ́ kò dá lójú?

Wọn kò fi ìwé pẹlẹbẹ tà á, wọn kò sì fi àsọyé tà á. Ìpolówó tó lágbára jù lọ ni kí aládùúgbò ṣubú lulẹ̀ àìsàn, kí agbowó kan náà tún kanlẹ̀kùn rẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí òun ló ń fi owó lé e lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò á rí i. Lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ilé mẹ́ta mìíràn á dá sí i. Agbowó náà kì í ṣe àjèjì: ọmọ ìjọ ni, tàbí olùkọ́ ilé-ìwé tí owó oṣù kò tó, tàbí ọmọ yunifásítì tí kò sí ọ́fíìsì òyìnbó kan tí yóò gbà á síṣẹ́ ju kó gbálẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó mú kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wọ kóòtù àti táì láàárín ọ̀sẹ̀ kò pọ̀ ní Georgia ìgbà náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀run ni. Irú ìnṣọ́ránsì olówó ọ̀sẹ̀ yìí ní àléébù tó le. Ẹsẹ̀ agbowó ń jẹ púpọ̀ nínú owó tó ń wọlé, nítorí náà ohun tí tálákà ń rí gbà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan kéré sí ohun tí olówó tó ń san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń rí. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè san fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé rẹ̀ ti kú nìyẹn, gbogbo ohun tó ti san tẹ́lẹ̀ sì ti bọ́. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú òwò yìí ló rí bẹ́ẹ̀, ti òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú.

Owó àìsàn sì wúwo ju owó ìsìnkú lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń kú, ṣùgbọ́n ó lè ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ohun tó ń jáde bá ju ohun tó ń wọlé lọ, Herndon a mú owó wá láti inú àpò ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé irun tí wọ́n ń gẹ̀ fún òyìnbó ní Peachtree ló ń san owó àìsàn alágbàfọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè ìlú.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yìí nìkan ló ń kanlẹ̀kùn. Ní 1908, Lugenia Burns Hope, ìyàwó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Morehouse, kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, wọ́n dá Neighborhood Union sílẹ̀. Wọ́n pín àdúgbò sí ẹkùn, wọ́n ń wọ ilé dé ilé láti mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ìtọ́jú ọmọ, nígbà tó yá wọ́n ní ilé ìtọ́jú aláìsàn tiwọn. Ìnṣọ́ránsì kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi ará ilé: ara ńkọ́?

Ilé-iṣẹ́ Herndon ń dàgbà. Ní 1916 ó di ilé-iṣẹ́ oníṣéà tó ní $25,000 ní ìpìlẹ̀. Ní 1922 ó gbé e dé $100,000, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Atlanta Life. Àárín àwọn ọdún 1920 ló wọ Florida, Kentucky, Missouri, Tennessee, Texas. Ìyípadà yìí ju ti orúkọ lọ. Ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí ni wọ́n fi síwájú báyìí; ti àìsàn kò parẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Herndon fi ń rọra rìn, kó wo Standard Life tí Heman Perry dá sílẹ̀ nínú ìlú yìí kan náà ní 1913. Perry ní ọgbọ́n ju Herndon lọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó dá báńkì Citizens Trust sílẹ̀ ní 1921, ó ń kọ́lé, ó ń ra ilẹ̀. Kí ọdún 1925 tó parí, Standard Life ti bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó.

Ní ìgbà tí èyí ń lọ, àwọn kan ní New York àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń fẹ́ kí ìjọba gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní American Association for Labor Legislation gbé àbá òfin kan jáde ní 1915: kí òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba jọ dá owó, kí òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn rí dókítà àti ìdá kan owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kí ìsìnkú sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn ló ká àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lára, nítorí owó ìsìnkú tálákà ni oúnjẹ wọn. Ta ni wọ́n rán síwájú? Frederick Hoffman ti Prudential. Ọkùnrin tó ti sọ pé kò yẹ kí wọ́n ṣe ìnṣọ́ránsì fún aláwọ̀ dúdú ló wá ń rìn káàkiri tó ń sọ fún òyìnbó pé ìnṣọ́ránsì ìjọba jẹ́ àṣà Jámánì. Amẹ́ríkà wọ ogun pẹ̀lú Jámánì ní 1917, ọ̀rọ̀ náà sì wọ àwọn ènìyàn létí. Ní 1918 àwọn olùdìbò California kọ̀ ọ́ gbangba. Títí di òní, apá tí Herndon ń ṣe ní Auburn, kí ilé-iṣẹ́ aládàáni máa ta ìlera, ni Amẹ́ríkà dì mú jù.

Herndon kú ní oṣù Keje 1927.

Norris, ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun

Ọmọ kan ṣoṣo ni Herndon bí, Norris, tí Adrienne ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ bí fún un ní 1897. Adrienne jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Atlanta, òun ló sì ya àwòrán ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yunifásítì náà. Ó kú ní 1910, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé náà tán. Norris kàwé ní Atlanta, ó gba oyè ìṣòwò ní Harvard ní 1921, ó sì jókòó sórí àga baba rẹ̀ títí di 1973. Ìwé ìròyìn Ebony pè é ní olówó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ìgbà tí ọ̀dá owó ńlá àwọn ọdún 1930 dé, tí àwọn tó ń san owó ọ̀sẹ̀ ń jábọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, àgídí àti ìṣọ́wóná ló fi gba ilé-iṣẹ́ náà là. Ní 1950 ó dá ẹ̀ka àánú kan sílẹ̀ ní orúkọ baba rẹ̀ àti tirẹ̀, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ṣéà ilé-iṣẹ́ náà sínú rẹ̀ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àlejò.

Ní ìgbà tirẹ̀ ni Ààrẹ Truman gbé ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera fún gbogbo aráàlú dìde ní 1945. Ẹgbẹ́ dókítà òyìnbó ná owó rẹpẹtẹ láti pa á. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Atlanta, kò bá wọn lọ, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn tí kò lówó.

Jesse Hill àti ọdún 1965

Jesse Hill wá sí Atlanta Life láti St. Louis ní 1949. Onímọ̀ ìṣirò ìnṣọ́ránsì ni, ìyẹn ẹni tó ń mọ iye tó yẹ kí ènìyàn san lórí ewu tó wà lára rẹ̀. Kò jókòó sídìí ìṣirò nìkan. Ó wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn Atlanta Inquirer sílẹ̀ ní 1960, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí ilé oúnjẹ òyìnbó tí wọn kò jẹ́ dìde. Ó sì ṣiṣẹ́ gidigidi kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ọ̀sẹ̀ kò ní yà á lẹ́nu pé ilé-iṣẹ́ yìí mọ ọ̀nà àtikanlẹ̀kùn fún ìbò.

Grady ṣì pín sí méjì. Ní 1962, dókítà eyín kan, Roy C. Bell, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ilé-ìwòsàn náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 1965 ni wọ́n tó da dúdú àti funfun pọ̀ níbẹ̀. Oṣù Keje ọdún yẹn ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí Medicare fún àwọn àgbàlagbà àti Medicaid fún àwọn tí kò ní lọ́wọ́, ó sì sọ Truman di ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ fún Medicare. Nígbà tí Medicare máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1966, ìjọba àpapọ̀ sọ pé ilé-ìwòsàn tó bá ṣì ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Láàárín oṣù mélòó kan, ilé-ìwòsàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wó ògiri tí ẹjọ́ àti àdúrà kò tíì wó. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èmi kò mọ ibi tí agbára ìnṣọ́ránsì ti hàn tó bẹ́ẹ̀: owó aláìsàn tí gbogbo ènìyàn jọ dá pọ̀ ló ra ìdọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe fún Atlanta Life. Àgbàlagbà ti lọ sí Medicare. Tálákà, ó kéré tán àwọn tí Georgia gbà, ti lọ sí Medicaid. Òṣìṣẹ́ ti ń rí ìnṣọ́ránsì gbà níbi iṣẹ́. Prudential àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti lé aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn, ti ń wá wọn kiri, wọ́n sì ń gba àwọn agbowó tó mọṣẹ́ jù lọ kúrò ní Auburn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi owó jà fún, pé kí wọ́n má ya ènìyàn sọ́tọ̀ mọ́, ló gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Hill mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀gá àgbà ní 1973, ó gbé ilé-iṣẹ́ náà sáàárín òṣèlú àti òwò ìlú: òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Atlanta, ṣáájú ìgbà náà ó ti wà lẹ́yìn Andrew Young nígbà tó ń lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì kọ́ olú ilé-iṣẹ́ tuntun sí ojúlé 100 Auburn Avenue ní 1980.

Lẹ́yìn Hill

Hill fẹ̀yìntì ní 1992. Ní àkókò náà Atlanta Life ti ń ra àwọn ilé-iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń kú lọ, nínú wọn ni Pilgrim Health and Life ti Augusta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 fún ìlera àti ìsìnkú bó ṣe wà lórúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá yí padà léraléra. Ní 2001 wọ́n sọ ọ́ di Atlanta Life Financial Group. Òwò ìdókòwò àti ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló kù tí ó ń ṣe jù. Ilé tí Hill kọ́ ti di ti yunifásítì Georgia State. North Carolina Mutual, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Durham tó fi ọdún méje jù ú lọ, ti kógbá wọlé pátápátá. Ti Atlanta ṣì wà láàyè.

Àìsàn ńkọ́? Georgia wà lára ìwọ̀nba àwọn ìpínlẹ̀ tí kò gbà kí Medicaid gbòòrò gẹ́gẹ́ bí òfin Obama ti 2010 ṣe fẹ́. Ní oṣù Keje 2023 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn, Pathways to Coverage: kí ẹni tí kò ní lọ́wọ́ tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ń ṣiṣẹ́ tàbí òun ń kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí ọgọ́rin lóṣù. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn tó wọlé kò tó 5,000, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po-ìlọ́po iye yẹn ni ìjọba ti sọ pé yóò wọlé. Ọ̀pọ̀ tó tọ́ sí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Àwọn tó gbọ́ kọ́kọ́ bá fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì pàdé kí wọ́n tó bá ènìyàn pàdé. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ìpínlẹ̀ náà tún gba ọjà ìnṣọ́ránsì aládàáni lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ó pè é ní Georgia Access, àwọn ẹ́jẹ́ǹtì tó ń gba kọmíṣọ̀n ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ fún ọdún 2025.

Àwọn ará wa ní àwọn káúntì Gwinnett, DeKalb àti Cobb ní agbègbè Atlanta wà nínú gbogbo ìsọ̀rí yìí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-ìwòsàn ní ìnṣọ́ránsì tó dára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa takisí ń san tirẹ̀ láti àpò, nígbà mìíràn ó ń dáwọ́ dúró. Ìyá wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gíríìnì káàdì gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà kó tó lè wọ Medicaid. Nàìjíríà tí wọ́n ti wá kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1962 tí Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, ti gbé àbá adójútòfò ìlera dìde, ó tó 1999 kí òfin tó wà, 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì di oṣù Karùn-ún 2022 kí wọ́n tó sọ ọ́ di dandan. Dandan náà kò tíì ní ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ọlọ́jà àti alágbàṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní Atlanta, ẹni tí kò sí nínú ètò kankan, tí àìsàn sì gbé dè, Grady ni wọ́n ń gbé e lọ. Ojúlé 80 Jesse Hill Jr. Drive ni àdírẹ́sì ilé-ìwòsàn náà lónìí. Hill kú ní oṣù Kejìlá 2012. Owó aláìsàn tí kò sí nínú ètò kankan yẹn, àwọn káúntì Fulton àti DeKalb ló ń san apá kan lára rẹ̀ láti inú owó orí.